Kẹ̀kẹ́ Ìyá Apọ́nbẹ Kì í Ṣe Ti Ògiri

Ẹ má bínú bí ẹ bá gbọ́ ìkanra lẹ́nu mi. Aránṣọ ni mí, aránṣọ tí sísọ́ọ̀sì rẹ̀ bá sì ti kújú, ìkanra ló kù tí yóò máa rán. Láti ọjọ́ tí Ìyá Apọ́nbẹ ti ṣubú ni sísọ́ọ̀sì mi ti ń jẹ aṣọ oníbàárà bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ bébà.

Ilé kan náà la jọ ń gbé, yàrá mi lọ́wọ́ ọ̀tún, tirẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ọ̀bẹ pípọ́n, ló jogún, kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ náà ló sì fi ń ṣe é. Kẹ̀kẹ́ dúdú gàgàrà kan ni, irú èyí tí wọn kì í ṣe mọ́. Bí Ìyá bá gùn ún dé àdúgbò kan, á fa irin ìdúró rẹ̀ sílẹ̀, táyà ẹ̀yìn á gbéra nílẹ̀, á fi okùn aláwọ kan so ó mọ́ òkúta róbótó tó wà níwájú ìjókòó. Á wá jókòó, á máa tẹ pẹ́dàlì bí ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, kò sì ní kúrò lójú kan. Òkúta á máa yí, ọ̀bẹ á máa han. Onígbàjámọ̀, alápatà, èmi aránṣọ, gbogbo wa là ń tò síwájú rẹ̀. Ohun tí kì í fẹ́ rí ni irin tó dípẹtà. Á wo irin, á wo olówó rẹ̀, á ní, "Ọ̀lẹ ló bí ìpẹtà."

Ó wá yọ̀ ṣubú lọ́jọ́ òjò kan, orúnkún ọ̀tún bá lọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó dìde, ṣùgbọ́n orúnkún náà ṣorí kunkun, kò ká dáadáa mọ́. A gbé kẹ̀kẹ́ sábẹ́ páànù tó ń jò lẹ́yìnkùlé. Òjò ń rin ín, oòrùn ń gbẹ ẹ́, kò pẹ́ tí gbogbo ara rẹ̀ fi pọ́n fún ìpẹtà.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, tíṣà ni. Ọmọ tó mọ ìyá í tọ́jú ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá se oúnjẹ fún un. Á máa fi ọ̀bẹ ilé ìdáná ìyá rẹ̀ gé àlùbọ́sà, àlùbọ́sà á máa yọ̀ sá lọ, òun á máa kùn: "Ilé apọ́nbẹ rèé o, ọ̀bẹ ò lè gé àlùbọ́sà!" Tíṣà ti palẹ̀ yàrá kan mọ́ fún un nílé ara rẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n ta kẹ̀kẹ́, kí ìyá kó ẹrù, kó lọ jókòó sinmi. Èmi mọ̀ pé bó bá fi lè jókòó níbẹ̀, kò ní dìde mọ́. Òun náà mọ̀, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Tíṣà ló mú ẹni tó fẹ́ rà á wá, onílé oúnjẹ kan tó múra dáadáa, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan.

"Mà, owó gidi la máa fún yín," ló wí. "Ara ògiri la máa gbé e kọ́, kí àwọn oníbàárà wa máa yàwòrán níwájú ẹ̀."

Ìyá mú àkísà, ó fẹ́ nu kẹ̀kẹ́, kó má baà dà bíi pé ìdọ̀tí ló ń tà fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọkùnrin náà sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má nù ún! Ìpẹtà yẹn gan-an la fẹ́ rà. Òun lẹwà ẹ̀."

Mo wo ojú Ìyá. Mo sọ fún ara mi pé ọjà yìí ti bàjẹ́.

"Ìpẹtà lẹ fẹ́ rà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló máa wá máa tẹ pẹ́dàlì ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́, mà. Ó ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ìyá ká àkísà rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ní kó padà wá gbọ́ èsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí àlejò àti Tíṣà ti yísẹ̀ padà báyìí, ó pè mí. "Aránṣọ, bá mi wá kerosíìnì." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná sórí ṣòkòtò oníbàárà.

Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kerosíìnì àti sáńdípépà ha ìpẹtà. Ó ń ha á láàárọ̀, ó ń ha á nírọ̀lẹ́, ó ń bá a jà bí ẹni tó rí ọ̀tá. Mo lọ pe onítúnṣe kẹ̀kẹ́ wá. Ó wò ó, ó mi orí.

"Ìyá, ẹ tà á. Ibo la ti fẹ́ rí ẹ̀yà ara eléyìí rà?"

"Ṣé mo ní kó o rà á ni? Tún èyí tó wà ṣe."

Ó tú ṣéènì, ó rì í sínú ọ́ìlì, ó fi gíríìsì sí gbogbo oríkèé, ó na táyà ẹ̀yìn tó wọ́. Ti iwájú kò gbóògùn mọ́. Ó ní kẹ̀kẹ́ náà kò ní rin ìrìn àjò mọ́ láé.

"Òkúta yẹn ńkọ́, ṣé á yí?"

"Á yí, Ìyá."

"Ó tó. Àwọn tó lọ́bẹ á máa wá bá mi níwájú ilé."

Ṣùgbọ́n pẹ́dàlì méjì ló wà, ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá kò ju ẹyọ kan lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó lé e, orúnkún ọ̀tún yí lẹ́ẹ̀kan, ó ké. Tíṣà tó wà ní ilé ìdáná sáré jáde.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ara yín ṣe? Ṣé mi ò lè bọ́ yín ni? Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú yín." Omijé ti dé ojú rẹ̀.

"Mi ò ní kó gbẹ́ èkù, ọmọ mi," ni Ìyá wí. "Kó ṣáà máa mú ná."

Tíṣà bínú lọ. Ìyá ní kí onítúnṣe yọ pẹ́dàlì ọ̀tún kúrò, ó wá kọjú sí mi.

"Aránṣọ, bọ́ bẹ́líìtì tó wà nídìí ẹ."

"Ìyá, kí ni mo máa wá fi gbé ṣòkòtò mi ró?"

"Aránṣọ kọ́ ni ẹ́? Rán nǹkan."

Ó fi bẹ́líìtì mi de ẹsẹ̀ òsì mọ́ pẹ́dàlì, kí ẹsẹ̀ kan náà lè máa tì í sísàlẹ̀, kó sì máa fà á sókè. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró, ó ń mí hẹlẹ, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ àdéhùn fi máa pé, òkúta ti ń yí láìdúró.

Onílé oúnjẹ dé, Tíṣà tẹ̀ lé e. Kẹ̀kẹ́ dúdú náà ń dán níwájú ilé, sísọ́ọ̀sì mi wà lọ́wọ́ Ìyá, iná ń ta pàrà lára òkúta. Ọkùnrin náà gbá orí mú.

"Háà! Mà! Ẹ ti bà á jẹ́!"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin náà fi bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tí bẹ́líìtì dè, ó ń wo òógùn ọrùn rẹ̀. Ó wọlé. Mo rò pé ẹrù Ìyá ló lọ dì. Ìgbà tó máa jáde, ọ̀bẹ ilé ìdáná yẹn ló mú lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó kọ èkù rẹ̀ sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ bá mi pọ́n ọn, mà."

Ìyá kò gbójú sókè. "Lọ tò sẹ́yìn Aránṣọ," ló wí. "Òun ló ṣáájú."