Líǹkì Bàbá Olùkọ́ Porto-Novo
Mo wà lára àwọn tó ń kọ ìwé atọ́nà fún ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń tẹ àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe. Abidjan ni wọ́n bí mi sí, Faransé ni mo fi kàwé, nítorí náà àmì ohùn ò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Nígbà tí mo dé ibi tó yẹ kí n ti ṣàlàyé rẹ̀, mo fi líǹkì kan síbẹ̀, tó ń gbé èèyàn lọ sí ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Porto-Novo. Mi ò mọ̀ wọ́n rí.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan kọ̀wé sí wa ní Faransé pé ojú-ìwé yẹn máa tó parẹ́, ká jọ̀ọ́ fi àdírẹ́sì tuntun kan rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúpẹ́ nínú ìwé kékeré náà. Ọpẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ fu mí lára.

Mo ṣí àdírẹ́sì náà. Ọ̀rọ̀ bàbá olùkọ́ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bọ́tìnì ńlá kan wà nísàlẹ̀ tó ní kí n gba nǹkan sórí kọ̀ǹpútà mi. Mo yáa pa á dé.

Mo wọ wôrô-wôrô, takisí elérò púpọ̀ tiwa ní Abidjan, láti àdúgbò Riviera lọ sí Koumassi, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó wá láti Nàìjíríà. Àwa méjèèjì la jọ ń bójú tó ìwé atọ́nà náà.

"Gba àdírẹ́sì tuntun náà wọlé jàre," ni wọ́n wí. "Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ ló ń kó lọ síbòmíì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí bọ́tìnì yẹn? Wọ́n jí ọ̀rọ̀ bàbá kó ni. Wọ́n fẹ́ fi ìwé wa mú àwọn èèyàn."

"Bi ẹni tó kọ̀wé léèrè nígbà náà."

Mo bi í. Ó ní mọ̀lẹ́bí olùkọ́ lòun. Ta ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀? Mo kọ̀ jálẹ̀, mo sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á pé ẹlẹ́tàn kan ń yọ́ wá sọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ohùn ránṣẹ́ ní Yorùbá. Obìnrin ni.

"Bàbá mi ló kọ ọ́. Wọ́n ti kú, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó ojú-ìwé wọn mọ́. Ibi ọ̀fẹ́ ni mo rí kó o sí, àwọn tó ni ibẹ̀ ló ń gbé ìpolówó sí i nísàlẹ̀, mi ò lè yọ ọ́. Ẹ sì ti pè mí ní ẹlẹ́tàn níta."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ, tí mò ń wá irọ́ nínú rẹ̀. Ìyẹn ò tó mi, mo tún ní kó fi ẹ̀rí hàn mí. Ó ya àwòrán ìwé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ kọ ránṣẹ́: àlàyé kan náà, àwọn àpẹẹrẹ kan náà, pẹ̀lú àwọn ibi tí bàbá ti fagi lé, tí wọ́n sì tún kọ. Ojú tì mí gan-an.

Mo pa ohun tí mo kọ síta rẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ náà, lójú gbogbo ayé. Síbẹ̀, mi ò fi àdírẹ́sì náà sí i, torí mi ò fọkàn tán bọ́tìnì yẹn. Mo bèèrè bóyá a lè da àlàyé bàbá kọ sínú ìwé atọ́nà wa gan-an, pẹ̀lú orúkọ wọn lókè.

"Ẹ má yí ọ̀rọ̀ kankan padà," ló fèsì. "Èmi fúnra mi máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, ó rí àṣìṣe méjì tí mo ṣe níbi tí mo ti ń dà á kọ, ó sì ní kí n tún wọn ṣe.