Kókó Tí Bàbá Mi Ní Ká Má Fi Kan Ẹnu

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, kókó ló ń bà mí lẹ́rù jù láyé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ejò ń bẹ nínú igbó, mo sì ti gbọ́ nípa iwin lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tó bá fẹ́ ká tètè lọ sùn, ṣùgbọ́n méjèèjì kò tó kókó. Bẹ́ẹ̀, àárín kókó gan-an la ń gbé. Ìhà Ọ̀ṣun ni àwọn òbí mi ti wá, wọ́n wá ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Ajue, níhà Ore. Igi kókó ló yí ilé wa ká níwá lẹ́yìn. Òun la fi ń jẹun, òun la fi ń ra aṣọ ọdún, òun náà la sì ń sá fún.

Bàbá mi ló fi ẹ̀rù náà sí wa lára. Òun ni gbogbo abúlé máa ń pè tí wọ́n bá fẹ́ fín oògùn kòkòrò sí oko. Á gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn, á fi àkísà di imú, tó bá sì dé lálẹ́, kò ní jẹ́ ká súnmọ́ òun títí yóò fi wẹ̀. Àwọn ọmọ ilé tó kù a máa fa omi funfun tó wà lára kókó tútù mu, ó dùn bí oyin, wọ́n á sì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Bàbá mi kì í pariwo, kì í sì í lu ọmọ. Á kàn máa pọ́n àdá rẹ̀, á ní, "Ẹni tó bá fi kókó kan ẹnu, ikú ló fi kan ẹnu." Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó sọ yẹn. Kò dárúkọ oògùn. Kókó ló dárúkọ, bóyá nítorí ó rò pé ọmọdé kò lè mọ ìyàtọ̀.

Tí kókó bá ti gbẹ, inú yàrá rẹ̀ ló ń kó àpò rẹ̀ sí nítorí olè. Ó sì ní páúdà funfun kan tó máa ń wọ́n sí wọn lára, kí kòkòrò àti eku má baà bà wọ́n jẹ́. Èmi àti àbúrò mi obìnrin kì í tilẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Tá a bá fẹ́ kọjá, ṣe la máa ń sáré.

Ọdún Kérésìmesì kan wá sún mọ́lé. Ìdílé Aládùúrà ni wá, ọdún wa kò ju aṣọ funfun, orin, ìrẹsì àti adìyẹ lọ. Ní ti oúnjẹ àárọ̀, ògì la mọ̀. Ògì lónìí, ògì lọ́la, àkàrà bá a rìn tí ọwọ́ bá dẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tá a ń pè ní Àǹtí, ló kó nǹkan tuntun dé bá wa. Èkó ló wà, ó ń bá ìdílé olówó kan dáná níbẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ ní Ore, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Ajue, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù, tòun ti ẹrù lórí. Ó ní kéèkì lòun fẹ́ ṣe fún wa lọ́dún yìí, kí ojú wa lè là. Fùláwà wà nínú ẹrù náà, bọ́tà wà níbẹ̀, agolo páúdà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pò mọ́ kéèkì wà níbẹ̀, àti páálí ńlá kan tó sọ pé oúnjẹ àárọ̀ àwọn ará Èkó nìyẹn.

Bàbá mi kò sí nílé nígbà tó dé. Ó ti lọ sí oko tó jìnnà, níbi tó ń sùn tó bá ń ká kókó ìparí ọdún. Ká ní ó wà nílé ni, bóyá ọ̀rọ̀ kì bá tí rí bó ṣe rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi da páálí náà sínú abọ́, ó sì da omi híhó lé e, bó ṣe ń ṣe sí ògì. Kíá ló di ẹrọ̀fọ̀. Àǹtí figbe ta, "Ìyàwó wa o! Mílíìkì àti omi tútù ni wọ́n ń dà sí i, kì í ṣe ẹ̀kọ!" Ó tún òmíràn bù. Ọ̀rọ̀ ò lè rí bẹ́ẹ̀ kí àbúrò mi má sọ ti ẹnu rẹ̀. Ó wo nǹkan róbótó-róbótó dúdú tó léfòó sórí mílíìkì, ó ní ó jọ ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ìyá mi ṣẹ́jú sí i. Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kókó ni wọ́n fi ṣe é, òun ló jẹ́ kó dúdú."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi bú sẹ́kún, ó lọ sá sẹ́yìn ìyá wa.

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ kókó! Kókó tí bàbá yín ń tà yìí náà ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ṣúgà sí. Ta ló sọ pé kókó ń pani?" Ìyá mi gan-an ń wo ilẹ̀, kò fẹ́ pe ọkọ rẹ̀ ní òpùrọ́ níwájú ẹbí ọkọ. Àǹtí bu ẹ̀kúnwọ́ jẹ kí a lè rí i. Àbúrò mi tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó wá fa abọ́ náà mọ́ra. Èmi náà jẹ ẹ́. Ó dùn, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jẹ ẹ́ tán, ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ, mo jókòó, mo ń retí ikú. Nígbà tí kò dé, mo padà wọlé. Ẹ̀rù kúrò lára àbúrò mi lọ́jọ́ náà pátápátá. Tèmi kàn fara pamọ́ ni.

Ọjọ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la la ṣe kéèkì náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ààrò onígáàsì, ẹ gbọ́ o. Ìkòkò irin ńlá ni Àǹtí gbé ka iná igi. Ó da yanrìn odò tá a ti fọ̀ tá a ti sá sínú rẹ̀, ó gbé agolo tó ní fùláwà pípò sórí yanrìn náà, ó dé e, ó wá kó ẹyín iná lé orí ìdérí. Èmi ni mo fi ọmọrogùn po bọ́tà àti ṣúgà títí apá fi fẹ́ já. Páálí oúnjẹ àárọ̀ ti tán nígbà náà, ojú ń kán àbúrò mi. Ó wá dúró ti Àǹtí, ó bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń sọ kókó di oúnjẹ. Àǹtí ń fẹ́ iná, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á gún un, wọ́n á fi mílíìkì àti ṣúgà sí i."

Kò pẹ́ tá a fi ń gbọ́ ìró odó kékeré lẹ́yìn ilé. Àǹtí ní, "Ọmọ dáadáa, ó ń bá wa gún ata."

Nígbà tó padà wá, ètè rẹ̀ dúdú, nǹkan funfun sì wà létí ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Tèmi ò dùn bíi tÀǹtí. Ó korò." Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé e mì. Ó bì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ojú rẹ̀ sì ń wò mí láìrí mi. Àǹtí ń kígbe pé ṣé ó lá ẹyin tútù ni. Ìyá mi sáré lọ pe ìyá àdúrà, ìyẹn dé tòun ti omi àti agogo, wọ́n ń pe orúkọ Jésù lé e lórí. Ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n.

Ìgbà yẹn ni bàbá mi ti oko dé. Ó ju apẹ̀rẹ̀ tó rù sílẹ̀, ó gbé ọmọ, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ó sáré wọ yàrá rẹ̀, ó jáde pẹ̀lú agolo oògùn lọ́wọ́, ó sọ̀rọ̀ kan sí ìyá mi létí. Ohun tó rí níbẹ̀, ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó sọ fún mi: àbúrò mi ti tú àpò kókó, ó ti bu èyí tí wọ́n wọ́n oògùn sí jù, ó lọ gún un, ó sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá mi ti sáré dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀ wa, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀. Bàbá náà kò béèrè ohunkóhun, ó gbé màṣíìnì rẹ̀ jáde, bàbá mi gbá ọmọ mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n forí lé ọsibítù ní Ore. Ìyá mi sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà, bóyá òun yóò rí ọkọ̀ ní Ajue.

Ó ku èmi àti Àǹtí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí irú rẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, oúnjẹ inú páálí ló ń pa àbúrò mi. Kókó ni, bàbá mi kò sì purọ́ rí. Èmi náà ti jẹ nínú rẹ̀, tèmi ló kàn. Mo di ikùn mú, mo ń fetí sí i. Tó bá kùn díẹ̀, òógùn á bò mí. Àǹtí jókòó sórí ilẹ̀, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, òun náà di ikùn mú.

Ó wá ní, "Ṣé inú ń run ọ́?"

Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Kéèkì ń jóná nínú ìkòkò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo agbolé, kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tó yá, ó mú páálí òfìfo náà, ó sọ ọ́ sínú iná, ó ń fi ẹsẹ̀ tì í wọlé bí ẹni ń lé ejò.

Lọ́jọ́ ọdún, wọ́n ń kọrin ní ilé àdúrà, a ò lọ. Wọ́n gbé ìrẹsì wá fún wa, a ò jẹ. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo rí bàbá mi lójú ọ̀nà, òun nìkan, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo ti sọ nínú ọkàn mi pé ó ti tán. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ó ti lajú. Ó ń bínú pé wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Àǹtí kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, oúnjẹ tí mo gbé wá—"

"Kì í ṣe oúnjẹ rẹ. Oògùn mi ni." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wa: àpò tó tú, odó, páúdà funfun. Ó wá ní, "Oògùn ló yẹ kí n ní kí wọ́n bẹ̀rù. Kókó ni mo dárúkọ. Ọjọ́ tí ìwọ fi hàn wọ́n pé kókó kì í pani, kò sí nǹkan tó kù láti dá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi." Ó fi ẹ̀wù oko rẹ̀ nu ojú. Èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin máa ń sunkún.

Kí àbúrò mi tó ti ọsibítù dé, ó ti kó àpò àti oògùn kúrò nínú ilé, ó kọ́ ahéré sí ibi tó jìnnà, ó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Ó wá pè wá jókòó, ó sọ èyí tó ń pani àti èyí tí kì í pani fún wa, ó sì jẹ́ ká fa omi kókó tútù mu lójú rẹ̀. Àbúrò mi mu tirẹ̀. Èmi kò lè mu ún.

Ayé ti yí padà. Ore tí mo ń gbé báyìí, ìsọ̀ tí ẹ bá yà sí lẹ́bàá títì ni oríṣiríṣi oúnjẹ inú páálí wà, àwọn ọmọ-ọmọ mi a sì máa jà lórí èyí tí wọ́n fẹ́ tọ́ wò láàárọ̀. Tí wọ́n bá gba ìsinmi Kérésìmesì, wọ́n á tan ààrò onígáàsì, wọ́n á ṣe kéèkì tó wù wọ́n, kò sẹ́ni tí ẹ̀rù ń bà. Inú mi ń dùn sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ tọ́ ọmọ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ irọ́ ìfẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ pé àwọn kan ń gbé oògùn oko sínú yàrá tí ọmọ ń sùn, ara mi a sì bù máṣọ.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi wá bá mi ṣọdún láti Odigbo. Ìyá àgbà ni òun náà báyìí. Kò rántí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, àfi abẹ́rẹ́ náà. Láàárọ̀, ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ, ó bu oúnjẹ oníkókó náà kún abọ́, ó ń fi ṣíbí kó o bí ọmọdé. Ó rí mi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, kí ẹ jẹun jàre."

Mo jókòó. N kò jẹ. Mo ń wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi jẹun tán, mo sì bá a sọ̀rọ̀ kan, kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀, kó dá mi lójú pé kò sí nǹkan tó ṣe é.