Bíríkìlà Tí Kò Gbọdọ̀ Kú

Àwọn tó ń kọ ìwé ìtàn láyé àtijọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àyè gbà wọ́n. Ẹnìkan á jókòó, á fi odindi ojú ìwé ṣàpèjúwe àga tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó lé títí ìtàn á fi parí. Irú wọn máa ń bí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Gègé. Ó ti wà ní ọdún àṣekẹ́yìn ní yunifásítì, àwọn ìwé àtijọ́ yìí náà ló sì lọ kọ́ níbẹ̀. Àròkọ tí olùkọ́ rẹ̀ ní kó kọ kó tó jáde dá lórí ìwé ìtàn kan tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Ìbéèrè olùkọ́ kò gùn rárá: kí ni ọkùnrin tó kọ ìwé yìí ń fi ọ̀rọ̀ ṣe?

Orúkọ Gègé yẹn ní ìdí. Láti kékeré ló ti máa ń ki bírò bọ ẹ̀yìn etí, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ki pẹ́ńsù bọ tirẹ̀, nítorí káfíńtà ni bàbá. Ìyá ti kú tipẹ́. Àwọn méjèèjì ló kù nínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí eruku pákó ti máa ń bá èèyàn dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Èdè ilé ìwé ni wọ́n fi kọ ìwé náà, bàbá kò sì gbọ́ ọ. Nítorí náà, bí ọjọ́ bá ti rọ̀, Gègé á jókòó sórí àpótí ìṣó, á máa fi ojú kà á, á máa fi ẹnu túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, bàbá á sì máa fi bébà oníyanrìn ha ẹsẹ̀ tábìlì. Bàbá ló kọ́kọ́ bèèrè fún un. Ó ní ìwé tí òun tìtorí rẹ̀ ń san owó ilé ìwé, ó yẹ kí òun náà mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ìtàn bíríkìlà kan ni, olórí kunkun, abínúfùfù, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé fún ọmọbìnrin rẹ̀. Bàbá fẹ́ràn ọkùnrin náà kọjá sísọ. Bí bíríkìlà bá bú ẹni tó ta yanrìn onídọ̀tí fún un, bàbá á mi orí, á ní èébú yẹn kò tíì tó. Ibi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe ògiri lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, Gègé fẹ́ fò ó, bàbá kò gbà. Ó ní ta ló ń lé wọn?

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run bàbá. Kò kà á sí, àfi ìgbà tí kò lè gbé pákó mọ́ ni wọ́n tó lọ sí ọsibítù. Dókítà tó yẹ bàbá wò, èdè ilé ìwé nìkan ló ń sọ, Gègé ló wá dúró láàárín gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Dókítà ní kókó kan wà nínú ikùn bàbá, ó sì ń dàgbà. Bí wọn ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ, kò ní pẹ́ tó fi máa pa á. Bí wọ́n bá ṣe é, ó lè yè, ó sì lè máà jí mọ́. Ó ní kí bàbá lọ rò ó dáadáa, kó padà wá sọ èyí tó fẹ́ kí oṣù tó parí, nítorí pé lẹ́yìn ìyẹn, abẹ ò ní wúlò mọ́. Gègé wo bàbá rẹ̀ tó jókòó, tó fi fìlà sórí orúnkún. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, kò kọjá ibẹ̀. Ó ní dókítà ní egbò inú lásán ni, kí bàbá máa lo oògùn.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n, tí kò ní àbúrò, tó jẹ́ bàbá nìkan ló ní láyé, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó rò pé òun á rọra bá a sọ ọ́ tó bá yá. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í dá gbé ilé, ó gbọ́dọ̀ wá ẹnì kejì.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n dé ibi tí bíríkìlà ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Gègé ṣí ojú ìwé, ó sì rí i. Òǹkọ̀wé tó lo odindi ojú ìwé lórí ògiri, gbólóhùn kan péré ló fi sin èèyàn: bíríkìlà kú láàárọ̀, kí òjò tó dá. Ó parí. Kò sọ pé ó papò dà, kò sọ pé ó re ibi àgbà ń rè, kò sọ pé ó dágbére fáyé. Àwa mọ oríṣiríṣi aṣọ tí à ń dà bo ikú kó tó wọlé tọ èèyàn. Ọ̀gbẹ́ni yìí sì mú un wọlé níhòòhò. Inú bí Gègé débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Bàbá fọwọ́ di ikùn mú, ó ń retí. Gègé bá ní ara bíríkìlà ti yá, ó ti jẹun, ó sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò.

Ẹni tó bá gba òkú là gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́ fún un. Báyìí ni Gègé ṣe di òǹkọ̀wé tipátipá. Nínú ìwé, ọmọ bíríkìlà ń sunkún, ilé kò lórùlé. Lẹ́nu Gègé, bíríkìlà ń gun àkàbà, ó ń kí èèyàn káàárọ̀, ó ń já búrẹ́dì fún ẹyẹ. Lọ́sàn-án, ní láíbìrì, ó jókòó ti àròkọ, ó fẹ́ kọ ọ́ pé ìkà ni òǹkọ̀wé yẹn. Ó ka gbólóhùn náà lákàtúnkà kó lè rí ẹ̀rí ìkà mú. Ohun tó rí kọ́ ló ń wá. Ògiri ni kò hàn sí wa, ìyẹn ni ọkùnrin náà fi fara balẹ̀ júwe ẹ̀. Ikú ò nílò kẹ́nikẹ́ni júwe òun, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ó pa ìwé dé láìkọ nǹkan kan. Ìparí oṣù sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ròyìn bí bíríkìlà ṣe dárí ji oníyanrìn, ni bàbá bá ní kó dúró ná.

“Gègé, ó ti pẹ́ tí o ti ṣí ìwé yẹn gbẹ̀yìn. Ojú ìwé kan náà lò ń kà.”

Gègé wo ojú ìwé náà. Òótọ́ ni. Nínú gbogbo ọgbọ́n tó ń dá, kò rántí pé ẹni tó ń kàwé máa ń ṣí i. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun ti ń fura tipẹ́, pé bíríkìlà tí òun mọ̀ kò jẹ́ dárí ji oníyanrìn yẹn láéláé, kódà kí gbogbo àdúgbò wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní láti ìgbà tí ara bíríkìlà ti yá ló ti ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Ó kú, àbí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi.”

“Kà á bó ṣe wà.”

Gègé kà á. Kò fi nǹkan kan bò ó. Bàbá ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tábìlì, ó hàn pé ó dùn ún gan-an. Nígbà tó yá, ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé. Gègé wá ṣí ojú ìwé wàyí. Ọmọ náà ló gun òkè lọ kan òrùlé fúnra rẹ̀. Ó kàn án wọ́, ṣùgbọ́n kò jò. Bàbá ní òun gbà bẹ́ẹ̀, pé ọmọ bíríkìlà nìyẹn lóòótọ́.

Ó wá gbé ojú sókè. “Ẹnu tó ń ka bíríkìlà fún mi ló túmọ̀ dókítà fún mi. Kí ni dókítà sọ?”

Gègé sunkún. Bàbá kò ní kó dákẹ́, kò sì fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹkún dá, Gègé sọ ọ́ bí dókítà ṣe sọ ọ́: kókó náà, bó ṣe ń dàgbà, ikú tó wà níbi ká máà ṣe é, àti èyí tó lè wà níbi ká ṣe é. Ó sọ ti ìparí oṣù náà. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ní ikú tòun kì í ṣe ti Gègé láti máa gbé kiri lápò. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń rí i lójú ọmọ òun, pé àìmọ orúkọ rẹ̀ ló ń ba òun lẹ́rù jù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun gidi ló sùn. Gègé gbọ́ híhanrun rẹ̀ láti yàrá kejì, inú rẹ̀ dùn sí i, ojú sì tì í.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n wà níwájú dókítà. Bàbá tún fìlà tó wà lórí orúnkún rẹ̀ ṣe, ó bojú wo ọmọ rẹ̀.

“Sọ fún un pé mo gbà kí wọ́n la ikùn mi. Má fi nǹkan kan kún un.”

Gègé yíjú sí dókítà, ó ní bàbá òun gbà kí wọ́n la ikùn rẹ̀. Kò fi nǹkan kan kún un.