Akínwọlé Tí A Sin Nínú Sinimá

Àgbẹ̀ kòkó ni ọkọ mi, Akínwọlé, ní Ago Alaye. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá kí ọ láàárọ̀, ó ti kí ọ tán di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ore tí ẹ sì bèèrè òkú inú sinimá, àwọn awakọ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n. Ọdún kẹta nìyí tí ilẹ̀ ti gbà á ní òótọ́. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gá Dúródọlá kó àwọn eléré rẹ̀ wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú kámẹ́rà kan ṣoṣo tí wọ́n yá. Fíìmù ayé ogun ni wọ́n fẹ́ ṣe: jagunjagun kan kú, wọ́n sin ín, ilẹ̀ kọ̀ ọ́. Eléré tí ìbá ṣe òkú náà wo kòtò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa, ó ní ìyá òun kò bí òun fún irú èyí. Ó wọ ọkọ̀ padà.

"Ta ni yóò wá dùbúlẹ̀ báyìí?" ni Ọ̀gá ń bèèrè.

"Èmi," ni ọkọ mi wí.

Mo fà á sẹ́yìn. "Bàbá Fúnmi, kí lẹ ń wá nínú sàréè?"

"Àlejò rìn láti Ìbàdàn, kó padà lásán?"

Wọn yóò fi pákó bò ó, wọn yóò da yẹ̀pẹ̀ lé e. Wọ́n ṣe àdéhùn: bí ó bá ń fi èékánná ha pákó, eré ni. Bí èémí bá ń tán, kí ó lù ú gbọingbọin lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ó yọ ọ́. Èmi gbọ́, Ọ̀gá gbọ́. Àwọn ọlọ́fọ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rántí sọ fún.

Àwọn ará ilé àdúrà wa ló ń ṣe ọlọ́fọ̀ nínú eré náà, ẹni mẹ́wàá, Ìyá Àdúrà Hannah ló ṣáájú wọn. Gbogbo wọn wọ kíjìpá. Èmi ń se oúnjẹ fún àwọn àlejò, àǹkárá ló wà lára mi, pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Ọ̀gá fi ẹsẹ̀ fa ìlà sílẹ̀ níwájú mi.

"Ìyá, ẹ má kọjá ibí o. Ayé ogun kò mọ bàtà rọ́bà. Fíìmù tó kù nínú kámẹ́rà nìyí, a kò ní òmíràn. Bí ẹ bá bọ́ sí i, iṣẹ́ wa bàjẹ́."

Wọ́n bò ó. Kámẹ́rà ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo gbọ́ èékánná lórí pákó, ọkàn mi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ lílù, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Hannah náà gbọ́ ọ. Ní ilé àdúrà wa, bí agogo bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a kì í rò ó kí a tó dáhùn. Ó na ọwọ́ sókè: "Mímọ́!" Àwọn yòókù gbà á: "Mímọ́! Mímọ́!" Ariwo wọn ni Ọ̀gá gbọ́, kò gbọ́ lílù. Inú rẹ̀ dùn, ó ń mi orí sí wọn pé kí wọ́n máa bá a lọ.

Akínwọlé tún lù ú. Wọ́n tún dáhùn. Mo wo ìlà yẹn. Mo ní lọ́kàn mi pé Ọ̀gá yóò gbọ́ èyí tó kàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, lílù náà ti rọ. Ìka ẹsẹ̀ mi wà lórí ìlà, ń kò kọjá. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan kan, àwọn sì ké Mímọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìsàlẹ̀ dákẹ́.

Mo fò kọjá ìlà. Ọwọ́ ni mo fi ń wa yẹ̀pẹ̀.

"Hannah, ọkọ mi ń kú!"

"Ẹ̀mí ti gbé arábìnrin wa!" ni Hannah wí, ni wọ́n bá tún gbé orin sókè.

Mo fa pákó ya. Ètè rẹ̀ ti dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Mo gbá a láyà, mo gbá a lẹ́yìn, títí ó fi húkọ́. Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé ó pẹ́ kí ẹ tó gbọ́?"

"Rárá," ni mo wí. "Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ lù ú, mo ti dé."

Nítorí pé kò sí fíìmù mìíràn, Ọ̀gá fi mí sílẹ̀ sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi í hàn lára ògiri ilé ìlapákó ní Ore, àwọn ènìyàn kọ́kọ́ bẹ̀rù, àfi ìgbà tí obìnrin kan já wọ ayé ogun pẹ̀lú àǹkárá àti bàtà rọ́bà! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń sunkún. Wọ́n ní kí wọ́n tún fi í hàn. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí ó bá dé, àwọn ará Omifunfun àti Araromi-Obu a kún inú lọ́rì wá. Wọn a máa fi èékánná ha bẹ́ǹṣì, wọn a máa bá àwọn ọlọ́fọ̀ ké Mímọ́.

Akínwọlé ní òun fẹ́ wò ó. Mo ní òjò ń bọ̀. Mo ní ikọ́ ń ṣe é. Mo ní a ní ìṣọ́ òru. Ẹnu mi lè purọ́, ṣùgbọ́n kámẹ́rà yẹn yóò kà á fún un. Ní ọjọ́ kan ó kàn dé fìlà rẹ̀ ni, kò bi mí.

Mo jókòó tì í. Wọ́n ké Mímọ́ àkọ́kọ́. Ó ń wá mi lára ògiri, ń kò sí níbẹ̀. Wọ́n ké èkejì. Wọ́n ké ẹ̀kẹta. Mo rí i tí ó ń ká ìka rẹ̀ kò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí orúnkún. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin ni mo yọ lára ògiri, ni gbogbo èrò figbe ta: "Ìyá Bàtà!"

Lójú ọ̀nà ilé, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni, Bàbá Fúnmi. Ẹ̀rù bà mí kí n má ba iṣẹ́ wọn jẹ́."

Ó dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan.

"Ẹni mẹ́wàá ló wọ aṣọ tó yẹ," ni ó wí. "Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò yẹ ló wá."

Títí ó fi kú, kò jẹ́ kí sinimá náà dé Ore kí òun má lọ. Bí wọ́n bá ti ké ẹ̀kẹrin, òun, Akínwọlé tí kì í sọ̀rọ̀, a ti dìde láàrin èrò: "Ẹ yà lọ́nà o! Ìyàwó mi ń bọ̀!"