Mọ́tò Pupa Bàbá Onílé

Bí mo bá gbóòórùn ọ̀dà, bàbá onílé wa ní Gadumo ni mo máa ń rántí. Wọ́n ra mọ́tò ìje ìṣeré kékeré kan, irú èyí táa ń tò pọ̀, fún ọmọ wọn. Àmọ́ àwọn fúnra wọn ni wọ́n tò ó, tí wọ́n fìyẹ́ adìyẹ kùn ún ní pupa. Eruku ọyẹ́ á bà lé e, wọ́n á ha á, wọ́n á tún un kùn.

"Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án, Bàbá," ọmọ wọn á bẹ̀bẹ̀.

"Kò tíì gbẹ."

Lọ́jọ́ tọ́mọ náà ń lọ yunifásítì, wọ́n gbé e fún un: "Ó ti gbẹ."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Bàbá ò lè wojú ọmọ wọn. Látìgbà náà, ọmọ ayálégbé tó bá ti kọjá, wọ́n á gbé mọ́tò náà lé e lọ́wọ́: "Gbà, fi ṣeré. Bó bá fọ́, kó fọ́."