Ojú Ìwé Tí Àǹtí Ṣadé Kò Rí Ẹnu Ọ̀nà Rẹ̀

N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Ajégúnlẹ̀. Ọ̀gá tí bàbá mi ń wa mọ́tò fún ní Àpápá GRA ló fún wọn nígbà tó gbó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú rẹ̀: ó wúwo, ó sì ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ṣadé, ló ń lò ó jù. Èéyi ti fọ́ wọn lójú láti kékeré, ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn kan fi ètò kan sínú rẹ̀ tó ń fi ohùn ka ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ àfikún ti ilé ìwé, nírọ̀lẹ́. Èmi, bí mo bá ti jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn mi tán, tí mo fọ abọ́, màá jókòó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú ìwé ayélujára.

Mo ṣe ọ̀kan fún lẹ́sìn náà, kí àwọn òbí lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọ̀ mẹ́fà ni mo kùn ún. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo yà bí àwòrán. Mo pe àǹtí mi wá gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà náà ní, "Àwòrán. Àwòrán. Àwòrán," ó sì parí síbẹ̀, torí kò lè ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán.

Àǹtí mi ní, "Ilé tí o kọ́ yìí lè dára o, ṣùgbọ́n n ò rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní, "Gbogbo èèyàn ló ń rí i. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò ríran."

Ìyá mi gbọ́ láti kíṣìnì. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ sókè, títí ìrẹsì fi jinná. Orúnkún dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí àǹtí mi dùn mí jù ú lọ.

Ní Sátidé, mo yọ fáìlì tó ń fún ojú ìwé náà ní àwọ̀ àti ètò kúrò, kí n lè rí i bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á. Ìgbà náà ni mo rí i pé àkọlé wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo fi ọ̀rọ̀ gidi rọ́pò àwòrán, mo tò ó bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀: ta ni wá, ìgbà wo la ń kọ́ni, ibo lẹ ó kọ orúkọ sí. Àǹtí mi gbọ́ ọ dópin, wọ́n sì tẹ orúkọ ara wọn síbẹ̀, láìsí pé mo di ọwọ́ wọn mú. Lẹ́yìn náà ni mo tó dá àwọ̀ padà. Kò ba nǹkan kan jẹ́.

Lónìí, Warehouse Road ni ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣe ojú ìwé ayélujára wà. Kọ̀ǹpútà wa yá, ó fúyẹ́, ojú ìwé ayé ìsinsìnyí sì rẹwà ju ti ìgbà yẹn lọ fíìfíì. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Ṣadé pè mí pé kí n wá bá wọn gba ọjọ́ tí wọ́n ó rí dókítà lójú ìwé ilé ìwòsàn kan, torí kọ̀ǹpútà wọn kò rí nǹkan kà níbẹ̀. Nígbà èwe, orí mi ìbá wú pé èmi ni wọ́n pè. Mo bá wọn ṣe é. Inú mi kò dùn pé ojú ìwé náà kò ní ẹnu ọ̀nà fún wọn.