Ọjọ́ Tí A Dá Oògùn Ológbò Wa Dúró

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ràn ológbò. Síbẹ̀, nígbà tí ikùn ológbò wa wú, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò lè dìde mọ́, àwọn ló ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní àdúgbò Marcory.

Dókítà náà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló wọ ara rẹ̀. Ó fún wa ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò láràárọ̀. "Trois mois, oṣù mẹ́ta," ló wí. "Bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ yá, ẹ má dín in kù."

Èmi máa ń di ológbò mú, màmá á fi oògùn sínú sàdíìnì, wọ́n á sì máa rọ̀ ọ́: "Gbé e mì, ọkọ mi." Kò pẹ́ tí ikùn náà fi fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò tíì dára tán.

"Ẹ lè dáwọ́ dúró, ẹ sì lè fi oṣù kan kún un," ni dókítà wí. "Ẹ̀yin àti òun lẹ jọ ń gbélé."

Mo wo ojú màmá. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ó ṣì máa ń rẹ ológbò náà lọ́sàn-án. A fi oṣù kan kún un.

Nígbà tí oṣù yẹn parí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìgbà yẹn ni màmá wá kọ̀ jálẹ̀.

"Oògùn tó ń ṣiṣẹ́, ìyàwó mi, o fẹ́ dá a dúró?"

"Màmá, bí a ò bá dá a dúró, a ò ní mọ̀ bóyá ó ti yá lóòótọ́."

Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, a sì dá oògùn náà dúró. Ní gbogbo àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá á fọwọ́ kan ikùn ológbò, wọ́n á sì fọwọ́ kan etí rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà ìkẹyìn. Ó rẹ́rìn-ín: "C'est fini. Ó ti yá."

Inú takisí la ti ń pariwo ayọ̀ bí a ṣe ń lọ sílé. Awakọ̀ bi wá pé ta ló bímọ.

"Kò sẹ́ni tó bímọ," ni màmá fi èdè Jùlá dá a lóhùn, wọ́n gbé ológbò sókè kó lè rí i. "Èyí ló ṣẹ́gun!"

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀ títí a fi gun afárá.